Ẹsẹ̀ Àkùkọ Tí Mo Ṣẹ́: Ṣé Ènìyàn Lè Jẹ Ẹranko Ní Gbèsè?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Númérì 22:21–34, Òwe 12:10, Mátíù 26:69–75.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ sí yín lónìí, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èmi fúnra mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà kò bá lè sọ ibi tí òun ti kọsẹ̀, báwo ni èwe yóò ṣe mọ ibi tí kòtò wà? Ẹ fi sùúrù kà á. Ọ̀rọ̀ àkùkọ kan ni. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín, mo sì ti sunkún pẹ̀lú.

Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú yín nìyí: bí ènìyàn bá ṣe ẹranko ní ibi, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ta ni yóò bẹ̀? Báwo ni yóò ṣe san gbèsè náà, nígbà tí ẹranko kò gbọ́ èdè ẹ̀bẹ̀?

BÍ Ó ṢE ṢẸLẸ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà ọyẹ́, ọmọ-ọmọ mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kétu níbí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Kútọnu, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa kí ó lè máa lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ yìí ní àkùkọ kan tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ láti ìgbà tí ó wà ní òròmọ. Àṣá ti gbé àwọn ìyókù lọ, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù. Agogo ni ọmọ náà sọ ọ́, nítorí òun ni ó ń jí wa. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé tí ó pe "Agogo!", àkùkọ náà á sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé, á máa tẹ̀lé e káàkiri bí ajá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá àwọn ọmọ mi fọ aṣọ funfun mi fún ìsìn ọjọ́ kejì, ó sì sá a sórí okùn. Ẹ̀yin náà mọ eruku pupa ilẹ̀ Kétu nígbà ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fọ aṣọ náà kí ó tó mọ́. Èmi jókòó lábẹ́ ìbòòji, mò ń wo ìwé orin. Àfi bí Agogo ṣe fò, ó bà lé okùn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Okùn ń mì, àkùkọ ń gbá ìyẹ́, ó sì yàgbẹ́ sára aṣọ ìsìn láti èjìká lọ sí ìsàlẹ̀.

Mo bínú. Igi ìdáná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbé e, mo sọ ọ́. N kò fẹ́ pa á, mo kàn fẹ́ lé e ni: ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ bí agbára tí òun fi sọ igi náà ti pọ̀ tó. Igi bá a lẹ́sẹ̀. Ó já bọ́, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kan ń fì bí ẹ̀ka igi tí ìjì ṣẹ́. Kò ké. Ó kàn dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fi ojú kan wò mí.

Wọ́n ní adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ẹ̀yin ará, èmi tí mò ń wọ funfun, èmi ni adìyẹ náà ní ọjọ́ yẹn.

IRỌ́ TÍ MO PA

Ìyá àwọn ọmọ mi jáde, ó wo ilẹ̀, ó wo mí. Ó ní, "Bàbá, ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé omi kaná, ká fi se ọbẹ̀ alẹ́." Ohun tí ó sọ kò burú. Adìyẹ ni, ilé wa ni, a kò sì jí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ìkòkò kalẹ̀, ọmọ dé. Inú oko ni ó ti ń bọ̀. Ó mú ike kékeré kan dání tí ikán kún inú rẹ̀: oúnjẹ Agogo ni ó lọ wá.

Ó rí àkùkọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe é?"

Kí ọkàn mi tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Orí okùn ló ti já bọ́."

Ìyá àwọn ọmọ mi wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ padà sínú ilé. Ọmọ kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn."

Kí ni kí n ṣe? Mo gbé àkùkọ náà wọlé.

BÍ A ṢE TỌ́JÚ RẸ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó kọ́ ọ̀sìn adìyẹ ní Songhaï ní Àjàṣẹ́, ibi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Mo ránṣẹ́ pè é. Èyí tí ó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ ẹ̀yin náà, nítorí kò sí ilé kan nínú wa tí kò ní adìyẹ.

Kí ó tó dé, mo ti mú ìgò epo kẹrosíìnì wá, mo fẹ́ dà á sí ojú ọgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ dà á sí ojú ọgbẹ́ tiyín ná, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rí." Mo gbé ìgò kalẹ̀. Òwe tí mo ti ń pa fún àwọn ọmọdé láti ogún ọdún ni ó ṣẹ sí mi lára: ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, bóyá ó ń dunni.

Èkíní, ó fi aṣọ rírọ̀ wé àkùkọ náà, ìyẹ́ méjèèjì wà nínú aṣọ, ó sì bo ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí ẹyẹ bá wà nínú òkùnkùn, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò ní jà mọ́. Ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ náà wò. Ó ní ọpẹ́ ni pé ojúgun ni ó ti ṣẹ́, níbi tí kò sí ìyẹ́. Bí ó bá jẹ́ itan ni, ẹran bò ó, a kò ní rí ibi di igi mọ́. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé: bí eegun bá ti yọ síta, tí ẹsẹ̀ tutù, tí ó dúdú, tí ó ń rùn, pípa á kíákíá ni àánú, fífi í sílẹ̀ láti máa jẹ̀rora kì í ṣe ìfẹ́.

Èkejì, a se omi, a jẹ́ kí ó tutù, a bu ṣíbí kékeré iyọ̀ kan sí ife omi méjì, a fi fọ ojú ọgbẹ́ títí erùpẹ̀ fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó fa ẹsẹ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi tọ́, ó fi òwú wé e, ó la ọparun sí pẹlẹbẹ méjì tí ó ti fá etí wọn kí wọ́n má baà gún un, ó fi wọ́n ti ẹsẹ̀ náà ní ọ̀tún àti òsì, ó sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Ó kìlọ̀ pé kí a má dì í le jù. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kí á máa fọwọ́ kan àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tutù tàbí tí wọ́n wú, ẹ̀jẹ̀ kò lọ dáadáa nìyẹn. Kí a tú u kíákíá, kí a tún un dì.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má wà láàárín àwọn adìyẹ yòókù, nítorí bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹnìkejì wọn, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò máa ṣá jẹ. A gbé e sábẹ́ àgò nínú yàrá mi, a tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí eṣinṣin má baà yé sí ojú ọgbẹ́ kí ìdin má sì yọ. Lóru a fi àpò bo àgò náà nítorí ọyẹ́, a fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ara adìyẹ gbóná ju tiwa lọ: tiwa jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 37, tirẹ̀ tó 41. Nítorí náà bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ó gbóná, ẹ má tètè sọ pé ibà ni.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe la ẹnu rẹ̀ da omi sí i. Ihò èémí rẹ̀ wà lẹ́yìn ahọ́n gan-an. Omi á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, á sì pa á. Kí a gbé omi sí itòsí rẹ̀, kí a rọra fi ṣónṣó ẹnu rẹ̀ kan omi náà, òun fúnra rẹ̀ á mu. A ń fún un ní àgbàdo tí a fọ́, ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná nítorí eegun rẹ̀, àti ikán tí ọmọ ń wá láti oko.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Owó tí ó lọ sí i, àti ohun tí mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, jẹ́ 3,500 fráǹkì. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó wúwo. Ohun tí ó wúwo ni pé, bí mo bá na ọwọ́ sínú àgò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àkùkọ náà á fi orí pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí ọmọ bá na ọwọ́, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹranko lè má mọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ tí ó ṣe é.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìyìn. Ní òròòru, bí mo bá gbé fìtílà láti lọ wo ẹsẹ̀ náà, ọmọ á dìde lórí ẹní, á ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Ó ti lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé bàbá òun ń gba Agogo là. Àwọn ìyá ìjọ ń kí mi: "Alàgbà, ẹ láàánú o." Mo ń gbà á. Mo ń dáhùn pé kí a fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin ará, ìyìn tí kò tọ́ sí ni, bí oúnjẹ olóúnjẹ ni. Ó ń wọlé, kò kàn gbé ara ró ni.

ÀRÍWÍSÍ ARÁKÙNRIN KAN

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, arákùnrin kan nínú ìjọ fà mí sẹ́yìn. Ó ní, "Alàgbà, ẹ má bínú o. Àkùkọ tí a ó pa jẹ ní ọdún tí ń bọ̀, kí lẹ ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe lórí rẹ̀? Ṣé Ọlọ́run kò ti fún Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ láṣẹ láti jẹ ẹran ni? Aláìní wà nínú ìjọ. Kí ló dé tí ẹ kò fi àánú yẹn ṣe ènìyàn?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo gbé e lọ sílé, mo sì rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Lóòótọ́, Ọlọ́run fún wa ní ẹran láti jẹ. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 9. Èmi kò sọ pé kí a má jẹ adìyẹ mọ́. Nígbà ọdún Kérésìmesì a pa adìyẹ mìíràn nínú ilé wa, mo sì jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ láti jẹ, ọ̀tọ̀ ni. Àṣẹ láti fi ìbínú ṣe é léṣe, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ mímú pa á nítorí oúnjẹ ilé rẹ̀ gba ohun tí a fún un. Ẹni tí ó sọ igi lù ú nítorí pé inú ń bí i gba ohun tí a kò fún un. Ẹ wo Òfin: a ní kí màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá sinmi ní ọjọ́ ìsinmi. A ní bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹni tí ó kórìíra rẹ bá ṣubú sábẹ́ ẹrù, kí o ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Ọlọ́run ń bá Jónà wí nítorí Nínéfè, ẹran ọ̀sìn ìlú náà ni ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ sì wo Báláámù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là tí ó rí ańgẹ́lì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ańgẹ́lì bá a sọ kì í ṣe ti ìrìn àjò rẹ̀. Ìyà tí ó fi jẹ ẹranko náà ni ó kọ́kọ́ bi í léèrè. Bí ìyà ẹranko kò bá já mọ́ nǹkan kan lọ́run, kí ló dé tí a fi bi í? Nítorí náà mo dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ti aláìní ńkọ́? Níbẹ̀ ni arákùnrin náà ti gún mi ní ibi tí ó dùn mí. Nínú ìjọ wa, ọkùnrin kan wà tí alùpùpù ṣubú lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó ti lo oṣù méjì nílé. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ni a ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Èmi kò tíì dé ilé rẹ̀ rí. Ìgbà tí mo ń pààrọ̀ koríko lábẹ́ àkùkọ ni mo tó mọ bí ọjọ́ kan ti gùn tó fún ẹni tí kò lè dìde. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ní, "Alàgbà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé ìkòkò omi yẹn súnmọ́ mi. Láti àárọ̀ ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí." Mo gbé omi fún un, mo tún ẹní rẹ̀ tẹ́, lẹ́yìn náà ni a gbàdúrà. Ẹ̀yin ará, àánú tí a ṣe fún àkùkọ kò jí ti ènìyàn gbé. Òun ni ó fi ọ̀nà ilé ènìyàn hàn mí. Àánú kì í ṣe owó àpò tí a ná síhìn-ín tí kò ní kù sí ọ̀hún. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ni: bí a bá ti ń ṣe é tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n tó.

GBÈSÈ MÉJÌ

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń san gbèsè ẹranko? Bí mo bá ṣẹ ẹ̀yin, mo lè wá dọ̀bálẹ̀, kí n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ lè gbà. Mo sì lè padà sílé láìtún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Ìgbà mélòó ni a ti ń fi ẹnu san gbèsè tí ọwọ́ jẹ? Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àkùkọ kò sí ọ̀nà yẹn. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú, eegun rẹ̀ kò ní tò. Ẹranko kò gba ẹ̀bẹ̀. Ìtọ́jú ni ó gbà. Omi, oúnjẹ, aṣọ mímọ́, ìdìde lóru: bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èyí kọ́ mi pé ìrònúpìwàdà, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Mo rò pé mo ti san án tán. Ṣùgbọ́n gbèsè méjì ni mo jẹ. Mo jẹ àkùkọ ní ẹsẹ̀. Mo jẹ ọmọ ní òtítọ́. Ìtọ́jú láìsí ọ̀rọ̀ tó fún àkùkọ. Ìtọ́jú láìsí ọ̀rọ̀ kò tó fún ọmọ. Àní bí mo ti ń tọ́jú sí i, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ mi ń dára sí i lójú rẹ̀.

ÀKÙKỌ KỌ

Ọjọ́ kejìlélógún ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú igi ọparun kúrò. Ẹsẹ̀ ti tò, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. Agogo dúró, ó mì, ó tẹ ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ọmọ fò sókè.

Láti ọjọ́ tí mo ti sọ igi lù ú, kò kọ rárá. Ọmọ mi ọkùnrin kan ti kà á sí mi létí pé ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nagoya ní Jàpáànì fi àwọn àkùkọ sínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà; síbẹ̀, bí àkókò ìdájí bá tó, wọ́n ń kọ. Aago wà nínú ara wọn. Ní ọdún 2015 wọ́n tún rí i pé nínú agbo àkùkọ, olórí wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀lé e ní ipò wọn. Nítorí náà Agogo kò gbàgbé àkókò lábẹ́ àgò. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́. Ó kàn dákẹ́ ni, tí àkùkọ ará ilé kejì ń gba ipò rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a tú u sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, mo ti wọ aṣọ funfun mi fún àdúrà òwúrọ̀, aṣọ kan náà yẹn. Mo ń bọ̀ wá sí àgbàlá. Àkùkọ náà dúró sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó na ọrùn, ó kọ. Kò dún ketekete; ohùn rẹ̀ há. Ó tún kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ ti mọ ẹni tí mo rántí. Pétérù náà, ìbéèrè kékeré ni wọ́n bi í, ẹnu rẹ̀ sì dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó ronú. N kò lè wọ inú ilé àdúrà pẹ̀lú irọ́ yẹn lẹ́nu.

Mo pe ọmọ sí ìdí igi máńgòrò. Mo ní, "Jókòó. Agogo kò já bọ́ lórí okùn. Èmi ni mo sọ igi lù ú. Ó yàgbẹ́ sí aṣọ mi lára, mo bínú. Mo sì parọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó wo àkùkọ, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ bínú sí èmi náà ni?"

Mo ní, "Rárá o. Nítorí aṣọ ni."

Ó ní, "Aṣọ ṣeé fọ̀."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé àkùkọ rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́ méjì ni ó fi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀ láìrẹ́rìn-ín. N kò bínú, n kò sì fi ẹ̀bùn bẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ kí ó ná ọjọ́ tirẹ̀, nítorí èmi náà ti ná ọjọ́ mẹ́tàlélógún nínú irọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti oko dé, ó wá síwájú mi, ó da ikán díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fún un jẹ." Mo na ọwọ́. Agogo dúró, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì wá ṣá a jẹ lọ́wọ́ mi.

Ìyá àwọn ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìkòkò wọlé ni mo ti ń retí yín."

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

1. Ẹni tí kò lè fẹjọ́ wa sùn, òun ni a fi ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Àkùkọ kò lè pè mí lẹ́jọ́ níwájú ìjọ. Ọmọdé kò lè bá mi wí. Bí mo ṣe ṣe sí àwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ni èmi.

2. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, kọ́kọ́ tún un ṣe. Má jẹ́ kí "ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú iṣẹ́, kí ó má baà gba ipò iṣẹ́.

3. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere kò lè bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rò pé ẹ óò tẹ́ bí ẹ bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yín. Irọ́ ni ó ń tẹ́ni.

4. Aṣọ funfun ṣeé fọ̀. Ẹsẹ̀ tí a ṣẹ́ kì í tọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Agogo ṣì ń tiro díẹ̀, èmi ni mo sì ń rí i láràárọ̀. Kí a tó sọ igi, kí a tó sọ ọ̀rọ̀, kí a wo èyí tí a lè fọ̀ àti èyí tí a kò lè tún tò.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ó rọ̀ àti ahọ́n tí ó tọ́. Kí ó má jẹ́ kí ìbínú ìṣẹ́jú kan ṣẹ́ ohun tí ọjọ́ púpọ̀ kò ní tò. Kí ó wo gbogbo ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nínú ìjọ rẹ̀ sàn, kí ó sì rán wa sí wọn pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Àmín.

ORIN ÌPARÍ

Ọwọ́ tó ṣẹ́, Bàbá, kọ́ ọ ní títò,
Ẹnu tó parọ́, kọ́ ọ lótìítọ́;
Kí n má wọ funfun lóde nìkan,
Fọ ọkàn mi mọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀dá tí kò lè ké pè mí lẹ́jọ́,
Ìwọ ló dá a, Ìwọ ló ni ín;
Bí mo bá ṣe é níbi lókùnkùn,
Jí mi, Olúwa, kí n dìde tún un ṣe.